Ta Ni Wọ́n Ń Pàtẹ́wọ́ Fún?

Tí wọ́n bá ń ṣe àjọ̀dún tẹ́ńpìlì ní ìgbèríko Thailand, orin luk thung ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àìsùn. Orin ará oko ni: orin àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì, orin ọmọbìnrin tó wá iṣẹ́ lọ sí Bangkok tí àárò ilé ń sọ, orin ọkùnrin tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀ sí abúlé. Bí olórin bá ń kọ ọ́ lọ, ìyá àgbà kan á dìde láàárín èrò, á mú ẹ̀gbà òdòdó lọ́wọ́, á rọra sún mọ́ ìtàgé. Olórin á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ìyá á sì fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Owó bébà ni wọ́n máa ń so mọ́ òmíràn. Ẹni tó bá ti náwó fún onífújì rí kò ní béèrè ohun tí ìyá yẹn ń ṣe.

Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn òyìnbó méjì wà lára àwọn tí wọ́n ń fi òdòdó yìí kọ́ lọ́rùn: Jonas Anderson, ọmọ Sweden, àti Christy Gibson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní Netherlands. Kékeré ni àwọn méjèèjì ti bá òbí wọn dé Thailand, ibẹ̀ ni wọ́n sì dàgbà sí. Wọ́n ń kọ luk thung, wọ́n sì tún ń kọ mor lam, orin àwọn ará Isan ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, tí ẹnìkan máa ń fi khaen gbè. Fèrè oparun ni khaen, oparun tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tí wọ́n tò pọ̀ tí ẹni tó ń fọn ún fi ń bo ojú. Ohùn márùn-ún ló wà nínú èdè Thai. Àwa tí ohùn mẹ́ta péré tiwa ń da àlejò láàmú mọ ohun tí márùn-ún yóò fojú onítọ̀hún rí, pàápàá nígbà tí orin bá tún gùn ún.

Wọ́n mọ orin náà kọ. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tí mo fẹ́ gbé wò ni ariwo tó máa ń ta lágbo bí òyìnbó bá ti lanu: ẹ wo òyìnbó tó ń kọ orin wa! Ọ̀yàyà ni, ọ̀yàyà sì wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí. Ẹni tó gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀ kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìyìn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló ń fi ẹni tí wọ́n ń yìn sí. Òyìnbó tó ti jẹ ata ilẹ̀ yẹn láti ìgbà ọmọdé, wọ́n ṣì ń bi í léèrè bóyá ó lè jẹ ata. Bí ọmọ ilẹ̀ Thai bá ṣi ohùn kọ, àgbà orin á pè é sí kọ̀rọ̀, á tún un ṣe fún un. Bí òyìnbó bá ṣì í, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹni tí a kò bá wí kò tíì di ọmọ ilé, kódà kí òdòdó bo ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ká tiẹ̀ fi ti ìyẹn sílẹ̀. Àwọn wo ló ni mor lam gan-an? Ọmọ Láò ni, àwọn ni baba ńlá ọ̀pọ̀ ará Isan. Ogun kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá sí Siam, orúkọ Thailand nígbà náà, wọ́n sì gbé orin wọn dání. Orin ẹrú yìí wá wọ àwọn olówó wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí Pinklao, àbúrò Ọba Mongkut tí òun náà jẹ oyè ọba kejì, fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn khaen. Ní 1865, Ọba Mongkut fi òfin de orin náà. Ó ní àwọn èèyàn ti pa orin ìbílẹ̀ Siam tì nítorí orin Láò, ó tún ní ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, òjò kì í rọ̀ dáadáa. Òjò! Bí a bá ti fẹ́ kórìíra ẹnìkan, a kì í wá ẹ̀rí jìnnà.

Orin tí ọba fi òfin dè náà ni wọ́n ń pè ní orin ìbílẹ̀ Thailand lónìí, ìyẹn kò sì burú. Ṣùgbọ́n ọmọ Isan ṣì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa takisí ní Bangkok, àwọn ló ń ru kọnkéré, àwọn ló ń tọ́jú ilé àti ọmọ fún àwọn olówó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ohùn ẹnu wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń yínmú sí ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ títí tó fi kan kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀ dúdú wọn bú wọn. Obìnrin Isan lè sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan ní Bangkok, kí wọ́n máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kí òyìnbó wá fi èdè yẹn náà kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ilé á dìde dúró. Èmi ò bu Jonas àti Christy fún un. Ó yẹ ká kí wọn ni, nítorí èdè tí àwọn onílé ń dójú tì ni wọ́n lọ kọ́. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ni mo ń bi léèrè.

Mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Jẹ́ kí òyìnbó kan kí wa ní "ẹ káàárọ̀" lọ́jà, kódà kó kí i ní ìrọ̀lẹ́, ariwo ló máa ta. A ó fún un lórúkọ kó tó kúrò lórí ìdúró. Ìyá Ègùn tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti fi Yorùbá nájà láti ìgbà tó ti ń pọnmọ, ó mọ òwe ju ọmọ tiwa lọ, ó ń bá wa ṣe ìyàwó, ó ń bá wa ṣòkú. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún un? Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sín in jẹ. Hausa tí wọ́n bí sí Sábó n'Ìbàdàn ńkọ́? Àlejò tí a lè rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ìyìn rẹ̀ ń gbé wa níyì lójú ayé, kò ṣòro láti yẹ́ sí. Ibi tí ìwà ti ń hàn ni ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí kò ní ohun tuntun kankan tó fẹ́ fi hàn wá.

Ìyẹn ni ti onílé. Àlejò náà ní tirẹ̀ láti ṣe, ojú kò sì yẹ kó tì wá láti bi í. Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó wá sílẹ̀ wa, kò tíì di Àdùnní nígbà tó lọ jókòó ti Àjàgẹmọ, àgbà olórìṣà ní Ẹdẹ. Ibẹ̀ ló ti gba ẹ̀kọ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ l'Òṣogbo tó gbajúmọ̀. Ní Thailand, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń júbà irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní wai khru. Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ olùkọ́, ni wọ́n sábà ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé òdòdó, àbẹ́là àti tùràrí wá, á kúnlẹ̀. Olùkọ́ á gbé ìbòjú tí wọ́n ṣe bí orí ọlọ́gbọ́n àtijọ́ kan bò ó lórí, á sì gbàdúrà fún un. Ẹnikẹ́ni kì í ré ohun èlò orin kọjá, ìbáà jẹ́ ìlù, ìbáà jẹ́ fèrè. Oníjàálá tó mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjúbà máa rí ilé níbẹ̀.

Bruce Gaston gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ọmọ California ni, 1946 ni wọ́n bí i. Ó mọ orin ìwé àwọn òyìnbó dáadáa kó tó dé Thailand, ṣùgbọ́n ó jókòó bí ọmọdé lẹ́sẹ̀ Boonyong Ketkhong, àgbà onírànàtì. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sórí àpótí tó rí bí ọkọ̀ ojú omi ni rànàtì, ọ̀pá méjì ni wọ́n fi ń lù ú. Ọdún 1981 ni àwọn méjèèjì jọ dá ẹgbẹ́ Fong Naam sílẹ̀. Wọ́n lu orin àtijọ́ bí àwọn baba ṣe ń lù ú, lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ ohun èlò òyìnbó, wọ́n ń ṣẹ̀dá orin tí etí kan kò gbọ́ rí. Òyìnbó tó gbé orin onílé tó wá ń yí i padà: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ nìyẹn. Ní tèmi, ẹni tó ti júbà tí wọ́n sì ti wúre fún ti gba àṣẹ bí ó bá fẹ́ dá àrà. Gaston ṣe é títí tó fi kú ní 2021. Ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ bínú, Boonyong ni kó kọ́kọ́ bá jà, nítorí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ọ̀pá rànàtì wà lọ́wọ́ rẹ̀.