Ìró tí Ẹlòmíràn Kò Gbọ́



Bí ènìyàn bá wí pé òun ń gbọ́ ìró kan, tí àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan, ó ha yẹ kí a gbà á gbọ́ bí? Olùkọ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni ó mú mi ro ọ̀ràn yìí. Ó ní lóru, nígbà tí a bá ti pa gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò, ohun kan a máa kùn létí òun bí agbo oyin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo tẹ́tí sílẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan. Mo sì wí fún un pé èrò ọkàn rẹ̀ lásán ni. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kẹ́kọ̀ọ́ pé irun wẹ́wẹ́ wà nínú etí lọ́hùn-ún tí ń gba ìró; bí ariwo ńlá bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé nígbà tí ọpọlọ bá wá ìró tí ó sọnù náà tì, a máa dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ta ni irú èyí yóò yà lẹ́nu ní Òṣòdì, láàárín fèrè ọkọ̀ àti ìró ọkọ̀ òfurufú?

Ìró mìíràn sì wà tí ń ti òde wá. Ní Taos, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ wá orísun irú ìkùn bẹ́ẹ̀ ní 1993, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n ní Windsor, ní Kánádà, níbi tí àwọn ará ìlú ti ráhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkùn náà dákẹ́ ní 2020, nígbà tí iléeṣẹ́ irin kan ní òdìkejì odò pa iná ìléru rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá gba gbogbo ènìyàn gbọ́, a ó tàn wá jẹ. Èmi dáhùn pé ọ̀tọ̀ ni kí a gbà pé ìyà ń jẹ ẹnìkan, ọ̀tọ̀ sì ni kí a gba ohun tí ó pè ní okùnfà rẹ̀. Èkíní kò dúró de ẹ̀rí. Ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀.

Mo padà lọ bẹ olùkọ́ náà, mo sì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ìró náà kò lọ, ṣùgbọ́n a kọ́ ọ kí ó má ṣe sùn nínú ìdákẹ́rọ́rọ́: ìró fáànù jẹ́jẹ́ a máa bò ó mọ́lẹ̀. Nísinsìnyí ó ń sùn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìsìn tiwa ńkọ́, èyí tí ó kọjú sí ojú fèrèsé aládùúgbò? Ẹ jẹ́ kí a dín in kù, nígbà tí etí àwọn ọmọ wa ṣì dá.