ÀWỌN MẸ́RIN TÍ Ó GBÉ ÀKÉTE

Ìwé kíkà: Marku 2:1–12

 

Ẹlẹ́gbà tí a kà nípa rẹ̀ yìí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Jésù. Ẹni mẹ́rin ni ó gbé e. Nígbà tí èrò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè wọlé, wọ́n dá òrùlé lu. Ẹ wò ó dáadáa: ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé àkéte ni Jésù rí. Ẹni tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ nílò àdúrà, ó sì tún nílò ẹni tí yóò gbé e.

Àrùn kan wà tí ó fi èyí hàn kedere. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní leukaemia. Inú mùdùnmúdùn egungun ni Ọlọ́run ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Bí àrùn yìí bá wọ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó á máa pọ̀ ṣáá bí èpò inú oko, títí tí kò ní sí àyè fún ẹ̀jẹ̀ tó dára mọ́. Oògùn nìkan a máa wo àwọn kan sàn. Fún àwọn mìíràn, àfi kí wọ́n fi oògùn líle ro oko náà mọ́, kí wọ́n sì gbin irúgbìn láti ara ẹlòmíràn sí i. Iṣan ni wọ́n ń gbà á sí, bí ìgbà tí a bá ń gba ẹ̀jẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà dé inú egungun, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ta ló fi ọ̀nà hàn án? Ọlọ́run ni!

Ṣùgbọ́n irúgbìn náà gbọ́dọ̀ bá ara mu. Nínú ọmọ ìyá àti bàbá kan náà pàápàá, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìrètí pé ẹnìkan yóò bá èkejì mu pátápátá. Bí kò bá sí nínú ẹbí, a ó wá a láàárín àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ láti fúnni. Nínú ìwé orúkọ ti Amẹ́ríkà, bíi 79 nínú 100 aláwọ̀ funfun ni yóò rí ẹni tó bá wọn mu pátápátá. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, bíi 29 péré. Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni pé àwa tí a forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ gbọ́ ti Ṣeun Adébìyí, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà. Ní 2009, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè òfin ní Yunifásítì Yale nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó bá a mu, wọn kò rí. Ibo ni ìrànlọ́wọ́ ti wá nígbẹ̀yìn? Inú ìwọ́ ọmọ ni, èyí tí ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà yọ̀ǹda nígbà tó bímọ. Ìwọ́ tí à bá sin mọ́lẹ̀ ni Ọlọ́run fi gbé e dìde! Ní 2012, òun náà dá ìwé orúkọ olùfúnni àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Enugu.

Àwọn kan á ní, "Aládùúrà ni wá, àdúrà tó wa." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin yẹn kò jókòó sílé. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé, "Wọn ò ní gba ògo mi mọ́ ẹ̀jẹ̀ mi?" Ará, ọwọ́ Ọlọ́run ni ògo rẹ wà. Lóde òní, iṣan apá ni wọ́n sábà máa ń gbà á, ara olùfúnni a sì tún dá òmíràn padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Igun mẹ́rin ni àkéte ní. Oníṣègùn di ọ̀kan mú, olùfúnni di èkejì. Ẹbí ló ni ẹ̀kẹta: fún bí 100 ọjọ́ àkọ́kọ́, aláìsàn kò ní agbára láti bá àrùn jà, ó ń fẹ́ oúnjẹ tó jinná dáadáa, ọwọ́ tó mọ́, àti ẹni tí kò ní fi í sílẹ̀ lóru. Ìjọ ló ni ẹ̀kẹrin: àdúrà, owó, ìbẹ̀wò. Bí ẹnìkan bá jọ̀wọ́ igun tirẹ̀, aláìsàn á ṣubú.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a gbé ni yóò yè. Ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n kí á má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú nítorí pé kò rí ẹni gbé e. Ìwọ tí o ń ka èyí, igun wo ni o dì mú?

Olúwa kò ní jẹ́ kí á wá ẹni tí yóò gbé wa tì. Yóò sì fún wa ní ọkàn láti gbé ẹlòmíràn, ní orúkọ Jésù. Àmín.