Ta Ni Ó Ni Ẹran Inú Ọbẹ̀?

Ní ìpàdé wa kan, ìyá àgbà kan béèrè ìbéèrè tí a kò tíì dáhùn tán: bí obìnrin bá ń bu ọbẹ̀, tí ẹran kò sì kárí, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bù fún?

Ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wa bá dàgbà kò ṣòro: baálé ni. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin àti ẹran yóò di olè. A kò ní bú àwọn àgbà, ìtẹ́lọ́rùn ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣọ́ ọ kí ó má baà jalè, ṣé kì í ṣe àwa gan-an ni a ń ja ara rẹ̀ lólè?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 títí di 1961. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ṣètò kílíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń sàmì sí káàdì tí ìyá mú dání lọ sílé. Bí ìlà orí káàdì bá dúró sójú kan, wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, kí irun rẹ̀ tó pọ́n. Irú káàdì yẹn ti dé gbogbo ayé.

Ògì dára, òun ni a fi tọ́ àwa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ọmọ dàgbà bá èèrí lọ, ewúrẹ́ ni ó sì jẹ ẹ́. Ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà ń fẹ́ ọmú ìyá síbẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹyin, ẹ̀wà, edé tí a gún kúnná tàbí ẹja nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí kò lówó ẹran ńkọ́? Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn IITA ní Ìbàdàn níhìn-ín ti ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń lo ẹ̀wà sóyà nínú oúnjẹ ilé. Bẹ́skè tí a ń rà jẹ, sóyà ni. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun dídín epo pupa títí yóò fi funfun. Ohun tí ó ń ran ojú lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ni a ń sun dànù.)

Ìyá fúnra rẹ̀ ńkọ́? A máa ń yin obìnrin tí ó fi omi ọbẹ̀ jẹun kí ará ilé lè yó. Ìfẹ́ ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá lóyún, tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ta ni ìfẹ́ yẹn ṣe láǹfààní? Baálé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru náà, ṣé ọlá ni a fi ń bu ẹran ọlọ́ràá lé iyán rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní Ìkórè kan, gbogbo ẹran ńláńlá ni a gbé lọ sórí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì. Ìrẹsì lásán ni a bù fún àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹran tiwa ò tíì jinná ni?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, tàwọn ọmọ ni a kọ́kọ́ bù. Bàbá ìjọ kan bínú, ó ní a kò mọ àgbà mọ́. Ìyá àgbà tí ó béèrè ìbéèrè ọjọ́sí ni ó dá a lóhùn pé kí wọ́n ní sùúrù, ẹran ṣì kù nínú ìkòkò, ẹ̀wà sì pọ̀.