Ẹni Tó Ní Ká Wò Ó, Ẹ̀rí Ló Ń Jẹ́

Ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ orin tuntun. Rédíò ń gbìyànjú, òde àríyá náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀kan ń tẹ mẹ́ṣíìnì, ọ̀kan ń já òwú, ẹnì kan á sì ní, "Ẹ tiẹ̀ ti gbọ́ eléyìí?" Bó ṣe ń rí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nìyẹn, bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ àti onídìrí nìyẹn, kò sì yàtọ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹlòmíì á gbé fíìmù tiẹ̀ dé. Àwọn kan ka gbogbo èyí sí eré lásán. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Nínú bí èèyàn ṣe ń pín orin àti fíìmù fún ẹlòmíì ni mo ti ń mọ irú ẹni tó jẹ́, nígbà míì ju inú bó ṣe ń kí ni lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ kúkú kì í ṣe ìwà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ní kí n wo fíìmù kan ti bẹ̀ mí ní wákàtí méjì nínú ìrọ̀lẹ́ mi, ó ti bẹ̀ mí ní dátà, ó sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Ẹ̀rí ló ń jẹ́. Bí a bá ń ka ohun tó ń sọ èèyàn di ọmọlúàbí, ọ̀rọ̀ sísọ àti òtítọ́ kì í jìnnà sí iwájú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó bá ní "iná ni fíìmù yẹn!" ni pé, ṣé o wò ó tán? Nígbà tí Jagun Jagun dé orí Netflix lóṣù kẹjọ 2023, mo bá àwọn kan pàdé tí wọ́n ń búra pé kò sí irú ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìpolówó rẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni wọ́n rí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre. Síbẹ̀, wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí ìbúra yẹn. Ìròyìn ò tó àfojúbà, ẹni tó bá sì ń fi ìròyìn búra ń ná owó tí kò ní.

Mo ní ojúlùmọ̀ kan tó ń ránṣọ ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. "Ọ̀gá" ni àwọn ọmọṣẹ́ ń pè é níwájú oníbàárà, ó di "Àǹtí" tí kò bá sí àlejò. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí wọn ò kọ sára ògiri: bí sísọ́ọ̀sì bá ti kan láàsì, orin á wálẹ̀. Gígé aṣọ ò fẹ́ ariwo. Láàsì tí ẹnì kan kó àjọ kó tó rà á, ẹni tó ń gé e kò gbọdọ̀ máa fi orí jó. Ṣùgbọ́n tó bá di pé wọ́n ń ṣẹ́tí aṣọ, tí wọ́n ń gán bọ́tìnnì, orin dé nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó wà lórí mẹ́ṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìlù lọ láìmọ̀. Mo wo ọmọṣẹ́ kan bó ṣe ń fi orin Asake rán ṣòkòtò aṣọ ẹbí: bí agbo akọrin bá ti gbè é, abẹ́rẹ́ á sáré; bí orin bá rọlẹ̀, òun náà á rọra. Mo yẹ ojú ìránṣọ náà wò lẹ́yìn tó ṣe tán, kò wọ́ rárá.

Fíìmù ni kò wọ inú òfin yẹn. Etí ò dí ọwọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú kan ò lè wà lójú fóònù kó tún wà lójú abẹ́rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n bá ti gbá àjákù aṣọ kúrò nílẹ̀, ni wọ́n ń wò ó. Òfin kejì tiẹ̀ wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ jáde: bí oníbàárà bá gbé aṣọ òkú wá, spíkà á kú kó tó jókòó. Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ni yóò pa á.

Fíìmù Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2022, ti di ohun àtijọ́ lójú àwọn tó ń sáré lé gbogbo ohun tuntun. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà wò ó ló tó di tuntun ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ ló wù mí. Kò sọ pé ó dùn, kò sọ ìparí rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí, ahunṣọ ni bọ̀ọ̀dá inú ẹ̀ o. Iṣẹ́ òfì ló bá dé Ọ̀yọ́." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé ó mọ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀? Gbogbo orí ló gbé sókè láàárín àwọn aránṣọ. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tí wàhálà Ṣaró, ahunṣọ náà, ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Arọ́lákẹ́ olorì ni. Ọ̀gá ní irọ́ ni, ó ní ìgbà tó fi òfì sílẹ̀ ni, ìgbà tí nǹkan tó lágbára ju òfì lọ bọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí tí mo fara mọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbèjà. Àríyànjiyàn yẹn gùn ju fíìmù náà lọ, kò sì sí aṣọ tó tìtorí ẹ̀ pẹ́, nítorí ẹnu ni wọ́n fi ń jiyàn, ọwọ́ ò dúró.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò sọ ohun tí ẹyẹ àkàlà ṣe nínú fíìmù náà. Ẹni tí kò tíì wò ó lè máa ka ìwé yìí lọ́wọ́. Irú èèyàn kan wà tí kò lè pa ìyẹn mọ́ra. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o fẹ́ lọ wò ó ni, ó ti sọ ẹni tó máa kú. Á ní òun fẹ́ràn rẹ ni. Mi ò gbà. Ohun tó mọ̀ ló fẹ́ kí o rí, kò ro tìrẹ mọ́ ọn.

Àwárí tún ní ẹ̀gbẹ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń gbàgbé, ìyẹn ni pé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí ẹnì kan lè ti wà létí ẹlòmíì fún ogójì ọdún. Ní 2021, Túndé Kèlání gbé fíìmù Àyìnlá jáde, Lateef Adédiméjì ló sì ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ará Ìtòkò l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n pa nínú ìjà ilé ọtí lọ́jọ́ kẹfà oṣù karùn-ún 1980. Ọmọkùnrin kan wò ó, ó wá orin rẹ̀ lórí YouTube, ló bá gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù pé òun ti rí olórin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bàbá alágbàfọ̀ tó máa ń bá wọn lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ta ló ní ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n?"

Inú ò bí Bàbá. Ó ní kí ọmọ náà tún un gbé, kó má gbọ́ ohùn Àyìnlá lọ́tẹ̀ yìí, kó gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ohùn. Adéwọlé Onílù-Ọlá, onílù Àyìnlá, ló wà níbẹ̀, ìlù tó ń dá Àyìnlá lóhùn kí Àyìnlá tó parí ọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti gbọ́ orin yẹn léraléra, kò gbọ́ ìlù yẹn rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá mú àwo EMI kan wá nínú páálí rẹ̀ tí etí ti ṣá. Kò sí ẹ̀rọ tí wọn máa fi lù ú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbà á wò, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Bí ọmọdé ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà míì wà tó jẹ́ pé àkísà yẹn ló máa fi na ọmọdé. Á ní orin tiyín ò ní láárí, ìgbà tàwa ni orin wà. Bàbá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ló fi kún ohun tí ọmọ náà gbé wá, kò fi dí i lẹ́nu.

Bàbá náà ní ààlà tiẹ̀. Àyìnlá máa ń fi orin jà, àwọn tó fi bú àwọn tí wọ́n jọ ń dupò sì mú bí abẹ. Bàbá mọ̀ wọ́n sórí dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti wọlé tòun tọmọ, á ní kí wọ́n yí i kúrò. Mi ò ní kí á fi irú orin bẹ́ẹ̀ pamọ́, ìtàn wa ni. Àmọ́ ẹni tó wá wọn bùbá ò wá gbọ́ èébú.

Ibi tó nira jù lọ fún mi láti dájọ́ ni ti ọ̀làwọ́ ibi iṣẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí ibi tí kò sí. Fíìmù tó jáde lánàá ti wà lórí fóònù rẹ̀ lónìí, orí Telegram ló ti wà á, Xender ló sì fi ń pín in fún gbogbo èèyàn láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Inú rere wà lára ohun tí à ń wò lára ọmọlúàbí, inú rẹ̀ sì dára lóòótọ́. Àgbò alágbò ló ń fi ṣe sàráà. Ní 1969, olórin méjì, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo, dá ilé iṣẹ́ àwo STAR Records sílẹ̀, kí olórin lè di ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó ń tẹ orin jáde. Àwọn èèyàn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sá fún: kí ẹlòmíì máa jẹ èrè iṣẹ́ olórin. Lágbo fíìmù, Kèlání àti Afọláyan ti ké gbàjarè títí lórí àwọn tó ń da fíìmù kọ tí wọ́n ń tà á. Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá, òfin 2022, lóṣù kẹta 2023. Òfin wà, Xender náà wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ẹni tó ń gbà á. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí lóṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ò sì rí ìyẹn gan-an gbà. Lóṣù kìíní 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù gbà kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ ra ìwé ìwọlé sínimá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀nà kan wà tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀: àwọn òṣèré Yorùbá fúnra wọn ń gbé fíìmù sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìpolówó tó ń wọlé nígbà tí a bá ń wò ó ló ń kàn wọ́n. Bí mo bá fi ojú ìwé tí wọ́n gbé e sí ránṣẹ́ sí ọ, mo ti pín, ẹni tó ni í sì ti jẹ. Àmọ́ Xender ò jẹ dátà, fíìmù tó bá sì gba ibẹ̀ wá kò ní ìpolówó tó ń pawó fún ẹni tó ni í. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyẹn, mi ò sì ní díbọ́n pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí èèyàn mélòó kan jókòó síwájú fóònù kan lálẹ́ Sátidé kì í ṣe olè. Kí a da fíìmù kan kọ sórí ọgọ́rùn-ún fóònù kí olówó rẹ̀ tó rí owó kankan, olè ni, ẹ̀rín músẹ́ ò yí i padà. Inú rere ọ̀làwọ́ wa yẹn ò pé. Ó kéré tán, kó máa dárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́. "Orin kan báyìí, ó dùn gan-an" ni wọ́n sábà máa ń sọ, bí ẹni pé igi ló so ó.

Ẹni tí wọ́n fún náà ò gbọdọ̀ purọ́. "Ó dùn, ó dùn" lẹ́nu ẹni tí kò tíì wò ó jẹ́ ẹ̀rí èké kan náà. Kó ní òun ò tíì ráyè, kò sóhun tó bà jẹ́. Bí kò bá sì gbádùn rẹ̀, kó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdí. Ọ̀gá ní kí ọmọbìnrin kan wo Saworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Kèlání gbé jáde ní 1999. Ọmọ náà wò ó tán lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ó kọ́kọ́ falẹ̀ lójú mi. Bàbá Ọ̀pálábá ni ò jẹ́ kí n pa á." Adébáyọ̀ Fálétí, tó ṣe Ọ̀pálábá nínú fíìmù náà, ló ń sọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kó má tíì dájọ́, kó wo Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e ná. Ọmọ náà ní òun máa wò ó, tí Àǹtí bá gba láti gbọ́ Lungu Boy ti Asake láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀gá ní ìdajì. Ìgbà tí mo gba aṣọ mi tí mo jáde, wọ́n ṣì ń ná an lọ́wọ́.