Iṣẹ́ Ọwọ́ Jẹ́ Amánà: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíréèkì Ọkọ̀

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo àwọn tó tọ ọ̀nà rẹ̀ títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin tí ẹ ń gbé ìlú Jọ́ọ̀sì yìí! Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni yóò gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí sọ́dọ̀ oníṣòwò tó tà á fún wa, kí ó bá wa tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, kí a lè kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. A ó sanwó, a ó gba kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bíréèkì tí kò pariwo tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń rì wọlẹ̀. Ọkọ̀ ń fà sí apá kan. Táyà kan ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. A padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, ó ní ọkọ̀ wa ló ti gbó. Bí jàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, wọn á ní kádàrá ni.

A gba kádàrá gbọ́, rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀. Ó wà nínú òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n kádàrá kì í ṣe aṣọ tí a fi ń bo iṣẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Ọkùnrin kan bi Ànábì (s.a.w.) bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Tirmidhi ló gba hadiisi yìí wá. Bíréèkì ni okùn ràkúnmí wa lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ń fa wàhálà lẹ́yìn àtúnṣe. Inú ọ́ìlì bíréèkì ni agbára ẹsẹ̀ wa ń gbà dé ara táyà. Bí mẹkáníìkì bá tú páìpù, tí kò sì yọ atẹ́gùn tó wọ ibẹ̀ tán, bíréèkì yóò rọ̀ bí tìmùtìmù. Bí ó bá fi ọwọ́ tó ní gírísì mú páàdì, páàdì yóò máa yọ̀ lára dísìkì. Bí ó bá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbi tó yẹ kí ọ́ìlì bíréèkì wà, àwọn rọ́bà inú rẹ̀ yóò wú, wọn yóò sì bàjẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì pàápàá a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní nǹkan bíi 140°C. Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ gba Hawan Kibo mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó lórí bíréèkì. Níbẹ̀ ni ọ́ìlì tó ti gbó ti ń dójú tini. Kò sì sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ẹni tó mọṣẹ́ kò lè yẹ̀ wò kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ẹ rántí Ànábì Dáúdà (a.s.). Ọlọ́hun rọ irin fún un, Ó sì pa á láṣẹ nínú Suratu Saba'i (34:11) pé kí ó ṣe ẹ̀wù irin tó kún, kí ó sì wọn ìsopọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ. Ànábì ni, síbẹ̀ Ọlọ́hun bá a sọ̀rọ̀ lórí òrùka irin, nítorí ẹ̀wù náà ń dáàbò bo ẹ̀mí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti mẹkáníìkì tó ń di nọ́ọ̀tì táyà.

Ẹni tó bá ka Risala Ibn Abi Zayd ní ilé kéú mọ̀ pé, ní mazhabi Maliki, oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò dúró fún ohun tó gbà sí ìkáwọ́ rẹ̀, ì báà gbowó, ì báà má gbà. Abu Dawud náà gbà á wá pé ẹni tó ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà, òun ni yóò san ohun tó bá bàjẹ́. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ oníṣègùn nìkan.

Ẹ̀yin oníṣòwò ọkọ̀, Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó sì rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó bi oníṣòwò náà pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì ní ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára àwọn òun. Muslim ló gbà á wá. Ẹni tó fi páàdì ayédèrú sínú páálí tuntun, èyí tó tutù ló fi sísàlẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ má fi bíréèkì sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹ máa lọ kírun Jímọ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ bá dé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Oníbàárà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹ má yọ owó títí mẹkáníìkì kò fi ní lè ra ojúlówó. Ẹ béèrè páàdì àtijọ́, kí ẹ fojú rí i. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ fi ọkọ̀ rìn jẹ́jẹ́ níbi tí kò sí èrò, kí ẹ tẹ bíréèkì wò léraléra, kí ẹ tó kó ọmọ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tú táyà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí 50 sí 100 kìlómítà. Bí bíréèkì bá ń rì, ẹ má gbéra. Iléyá tí a bá pẹ́ dé sàn ju èyí tí a kò dé rárá lọ. Ẹ dá ọkọ̀ náà padà pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, láì ṣépè, láì jà. Bí ẹni náà bá sì kọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà.

Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Suratu Nisai (4:58) pé kí a dá amánà padà fún àwọn tó ni ín. Bí a bá gbé ọkọ̀ fún ẹnì kan, ẹ̀mí gbogbo ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ la gbé fún un. A ó bi í léèrè.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí owó tí a ń jẹ jẹ́ halali, kí Ó máa ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Amin.