Ojú Àkọ́kọ́

Bí o bá wọ ìlú kan lónìí, tí o kò tíì mu omi wọn, ǹjẹ́ o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́? Èmi ti sọ ọ́ rí, ojú màmá mi ló sì ṣe.

Ọdún 2005 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ń sin màmá mi lọ sí Jerúsálẹ́mù, a sì dúró ní Káírò, olú ìlú Íjíbítì. Iwájú ibùdó rélùwéè ńlá wọn ni takisí já wa sí. Nígbà náà, ère Fáráò Ramses Kejì ṣì wà níbẹ̀ láàárín èéfín. Oṣù kẹjọ ọdún 2006 ni wọ́n tó gbé e lọ sí Giza, kí èéfín ọkọ̀ má baà bà á jẹ́ tán. Fèrè ọkọ̀ ò dákẹ́. Ọkọ̀ ò dúró fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ á kàn wọ àárín títì, ọkọ̀ á máa yà fún un. Mo ní, "Màmá, ìlú yìí ò lólórí. Ẹ di báàgì yín mú." Ìbéèrè ni màmá fi dá mi lóhùn: "Ta ló ń ṣègbéyàwó?" Wọ́n rò pé ìyàwó ni wọ́n ń fi fèrè sìn lọ, bí a ti ń ṣe nílé.

Àwa méjèèjì la ṣìnà. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan bí. Èmi dúró sétí títì bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Màmá rí ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́, tó ru pátákó gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí wọ́n to búrẹ́dì sí, tó ń fi ọwọ́ kan wa kẹ̀kẹ́ láàárín ọkọ̀ láìjẹ́ kí ẹyọ kan bọ́. Màmá tó ti kiri búrẹ́dì ní Dùgbẹ̀ nígbà èwe wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin kan tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ màmá mú, àwọn méjèèjì sì rìn wọ àárín ọkọ̀. Wọn ò gbédè ara wọn. Mo ń wò wọ́n lódìkejì, èmi òjíṣẹ́ Ọlọ́run, tí báàgì wà lábíyá. (Èmi yìí kan náà ti wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì kí ìjọba tó tún ibẹ̀ ṣe ní 2009, n kò sì sọ rí pé ará Èkó ò lólórí.)

Inú Pọ́ọ̀lù náà ru nígbà tó kọ́kọ́ rí òrìṣà tó kún Áténì, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ó rìn ká, ó wò fínnífínní, títí ó fi rí pẹpẹ kan tó lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

O lè ní ìṣọ́ra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ní Giza, ọkùnrin kan gbé màmá gun ràkúnmí, ó ní owó díẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀, ó bèèrè ìlọ́po mẹ́ta kó tó jẹ́ kí ràkúnmí kúnlẹ̀. Màmá san án. Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Mo ní, "Ẹ rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "O sọ ọ́ lóòótọ́. Ẹnì kan ló rẹ́ mi jẹ. Ìlú ńkọ́?"

Nígbà tí a padà délé, àwọn ará ìjọ bi mí bí Káírò ti rí. Mo lanu, mo sì kọ́kọ́ wo ojú màmá mi.