TA NI ẸBÍ OGÚNLÉNDÉ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ wá lọ́kàn.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà ní ìparí ọdún 1989, púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ sá wá sí Nàìjíríà, a sì fún wọn ní ibùdó ní Orù-Ìjẹ̀bú. Ogun Sierra Leone, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tún lé àwọn mìíràn wá bá wọn. Wọ́n ti ibùdó náà pa nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ogúnléndé kò tán nílẹ̀ wa: láti 2017 ni àwọn ará Kamẹrúùnù ti ń sá wọ ìpínlẹ̀ Cross River.

Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá dé, oúnjẹ, aṣọ àti ibi ìsùn ni a máa ń kọ́kọ́ rò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀, tí kò rí oorun sùn, tí ìlẹ̀kùn bá dún tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣé ìrẹsì ni yóò wò ó sàn? Àwọn kan á ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Àwọn mìíràn á ní ó kàn ń díbọ́n ni. Àwa ò gbà. Ọgbẹ́ ni, ojú ni kò rí i. Dókítà ọpọlọ ní iṣẹ́ níbẹ̀, a kò sì rí ìdí tí àdúrà àti oògùn yóò fi máa bá ara wọn jà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀wọ̀n de irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ní àdúrà ni òun ń gbà fún un, a bi í pé ta ní rán an níṣẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti la ọ̀nà kan ní Aró láti 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sílé láàárín àwọn àgbẹ̀ ní abúlé, wọ́n á gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n á sì padà sáàárín ènìyàn. (Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, èyí tí àwọn kan nínú wa kò ní fẹ́ gbọ́.) Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ó jẹ́ dandan: ẹbí aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa gbé tì í, kí ó máa se oúnjẹ fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè wa wà. Ẹni tí ogun ti pa ẹbí rẹ̀ tán, tí kò gbọ́ èdè wa, ta ni yóò bá a lọ? Rúùtù kì í ṣe ọmọ tí Náómì bí, síbẹ̀ òun ni ó bá a rìn. Àwọn kan ń wí pé owó dà, tara wa gan-an ò tíì tán. A gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó ti ẹlòmíràn níwájú yàrá dókítà, kí ó sì bá a rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá, ọ̀sán kan ni ó ń gbà, àti owó ọkọ̀ ẹni méjì.